Kí Áńbúláǹsì Tó Dé

Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni a fi ìpàdé sí, ní PWD, lápá Ṣógúnlè, níbi tí ariwo dánfó àti fèrè rélùwéè ti jọ ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ láti ìdájí. Màmá ti débẹ̀ ṣáájú mi. Àwọ̀lékè pupa tó ti ṣá ló wọ̀ lé bùbá, bàtà kánfáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, báàgì tó gbé kọ́ sì wúwo débi pé èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Mo na ọwọ́ kí n bá a gbé e.

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ báyìí, ọwọ́ mi mọ ibi tí báńdéèjì wà. Tìrẹ ò mọ̀ ọ́n."

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Òun ló ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé òun ni alága ọ̀kan lára àwọn divíṣàn ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ní agbègbè Ìkẹjà sí Agége, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀ lé e lónìí kò tíì mọ ìwé kà. Kò gba owó oṣù lórí rẹ̀ rí. Lẹ́nu àwọn ará ọjà àti àwọn awakọ̀, Màmá Red Cross ni.

Ibi tí a dúró sí yìí ni bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lọ síbi iṣẹ́ ti kó sẹ́nu ọkọ̀ ojú irin ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 2023. Ó kéré tán, ènìyàn 6 ló bá a lọ. Ọgọ́ọ̀rọ̀ àwọn tó farapa ni wọ́n kó lọ sí LASUTH, ọsibítù ńlá tó wà ní Ìkẹjà. Wọ́n kéde pé wọ́n ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀, àwọn ènìyàn sì jáde láti fún wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dé LASUTH, ẹnìkan ti ní láti kọ́kọ́ fà á jáde nínú bọ́ọ̀sì. Ta ni? Àwọn ará àdúgbò ni, àti àwọn tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ tiwọn.

Màmá kò fi ìyẹn bínú rárá. Lójú tirẹ̀, bó ṣe máa ń rí níbi gbogbo láyé nìyẹn, bó sì ṣe máa rí lọ nìyẹn: aládùúgbò ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, tirẹ̀ ni. Ohun tó ń dùn ún ni ohun tí aládùúgbò ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀hún ṣe.

Ẹ̀yin náà ti rí i. Ọkọ̀ gbá ènìyàn, èrò á ya bò ó, ẹni mẹ́rin á dì í mú lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọn á gbé e sọ sẹ́yìn dánfó. Bí egungun ọrùn rẹ̀ bá ti sán tẹ́lẹ̀, wọ́n ti bá a parí rẹ̀. Ẹni tó dákú, wọn á tú píọ̀ wọ́tà lé e lórí. Ẹni tí wárápá mú, wọn á fi ṣíbí la eyín rẹ̀. Ọmọ tó mu kẹrosíìnì, wọn á rọ epo pupa sí i lọ́fun kó lè bì í, bẹ́ẹ̀ èébì ọ̀hún gan-an ló lè gbé kẹrosíìnì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹni tí iná jó, wọn á fọ́ ẹyin lé e lára tàbí kí wọ́n fi ọṣẹ ìfọyín kùn ún, nígbà tó jẹ́ pé omi tútù lásán, tó ń ṣàn lórí ojú ibi tó jó fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó ń ṣe é torí pé ó níkà. Àánú ló ń ṣe wọ́n. Àánú yẹn ti pa ènìyàn tó.

A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkẹjà. Lójú ọ̀nà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọdún 2002, láìjẹ́ pé mo bi í. Bárékè kò sáà jìnnà síbẹ̀. Ọjọ́ 27, oṣù Kìíní ni, ọjọ́ Àìkú, nírọ̀lẹ́. Iná ran ilé tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí nínú bárékè Ìkẹjà, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí bú, ilẹ̀ ń mì, gíláàsì fèrèsé ń fọ́ ní àdúgbò tó jìnnà réré. Àwọn kan rò pé wọ́n ti fìbọn gbàjọba, àwọn mìíràn rò pé òpin ayé ló dé. Èrò gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n sá. Ilẹ̀ ṣú. Kánààlì tó wà ní Òkè-Àfà, láàrin Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, koríko orí omi ti bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹní. Ẹni tí kò mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ á pè é ní pápá. Àwọn tó ṣáájú já wọ omi, àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì wọ́n, àwọn mìíràn ṣì ń sáré bọ̀. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní 1,000. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa, lábẹ́ Emmanuel Ijewere tó jẹ́ ààrẹ rẹ̀ nígbà náà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ fáráyé bí iye náà ṣe pọ̀ tó. Púpọ̀ nínú wọn, bọ́ǹbù kò fara kàn wọ́n. Eré ló pa wọ́n, àti àìmọ ibi tí à ń sá lọ.

Mo rò pé òkú ni yóò máa rántí. Ó ní rárá, ọmọ tó sọnù ni. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ wọn ti bọ́ lọ́wọ́ ìyá wọn nínú eré wà káàkiri, wọ́n sì ní láti wá ìyá wọn fún wọn.

"Mo bi ọ̀kan, mo ní kí lorúkọ ìyá rẹ? Ó ní Mọ́mì. Kí lorúkọ bàbá rẹ? Ó ní Dádì. Ibo lẹ ń gbé? Ó ní ilé wa."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi ọmọdé ní ìbéèrè. Kí ni wọ́n ń tà níwájú ilé yín? Àwọ̀ wo ni géètì yín? Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ìrun láàárọ̀ ni àbí aago ṣọ́ọ̀ṣì? Kí lorúkọ tíṣà rẹ? Ó ní ọmọdé lè má mọ orúkọ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ra púfúpúfù. Títí di òní, bó bá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tuntun, kì í ti ibi báńdéèjì bẹ̀rẹ̀. Ibi ìbéèrè ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

A kọjá níwájú LASUTH, a kò wọlé. Ọsibítù kékeré tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1955 ni kó tó di ti ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní 2001. Ọdún 2001 yìí kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ dá áńbúláǹsì LASAMBUS sílẹ̀. Màmá kò sọ̀rọ̀ wọn láìdáa. Ó mọ púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá bá a sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó di dandan kí onítọ̀hún fi 767 àti 112 sínú fóònù rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó ṣe é fún awakọ̀ kẹ̀kẹ́ wa kó tó san owó fún un. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkẹjà? Áńbúláǹsì kò ní ìyẹ́.

Ọ̀nà Oba Akran ni a kọrí sí, ẹsẹ̀ ni a sì fi rìn ín. Ọba Badagry tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, C. D. Akran, ni wọ́n fi sọ ọ̀nà yìí, nítorí ìjọba yẹn ló ya ilẹ̀ ibí sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ ńláńlá ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà kò tíì sí lábẹ́ Èkó. Guinness ti ń pọn ọtí níbí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Berger ń ṣe ọ̀dà. Dunlop ṣe táyà títí di 2008, lẹ́yìn náà ó pa ẹ̀rọ. Bí o bá ń rìn níbẹ̀ lónìí, wàá rí ilé ìjọsìn, ilé ìkẹ́rù-sí àti ṣọ́ọ̀bù ọkọ̀ láàrin ògiri tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Tírélà ṣì pọ̀, òórùn ọtí tí wọ́n ń sè ṣì ń fẹ́ síni nímú.

Ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn ògiri yìí ni Màmá ti kọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọmọge ni nígbà náà, ó ń di ọjà sínú páálí. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ gbá ọwọ́ ọmọkùnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn figbe ta. Fóòmánù sáré wá nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ti lọ jẹun. Ìyá àgbà kan tó ń gbálẹ̀ ló já ìró rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ lọ́nà mẹ́ta, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i wò. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ìka méjì lọ, ọmọkùnrin náà yè. Màmá ní òun dúró síbẹ̀ gbáà bí ọlẹ, òun tí òun kàwé, ìyá tí kò kàwé sì ń gba ẹ̀mí là.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iléeṣẹ́ pe Red Cross wá, pé kí wọ́n kọ́ ènìyàn kan ní yàrá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òun ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Òfin iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà sáà sọ ọ́ pé kí àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì wà, kí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n lò sì máa bójú tó o. Nígbà tí iléeṣẹ́ ọ̀hún dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n dá a dúró pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ẹ wo bó ṣe rí: iléeṣẹ́ lé òṣìṣẹ́, ìmọ̀ jáde sí ìgboro. Àwọn tó kọ́ ọ nígbà náà wà káàkiri Agége, Ògbà àti Ìjú. Ọ̀kan ń ta ata, ọ̀kan ń wakọ̀, ọ̀kan jẹ́ ìmáàmù. Àwọn ni Màmá fi bẹ̀rẹ̀ divíṣàn. Ohun tó ń kọ ọ́ lóminú báyìí ni pé káṣùà ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wọ iléeṣẹ́ lónìí, wọ́n wà lónìí, wọn kò sí lọ́la. Ta ni yóò ná owó lórí ẹ̀kọ́ wọn?

A gba Ògbà kọjá. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó dúró níwájú ilé oògùn kékeré kan. Wọ́n ya àgbélébùú pupa gàdàgbà sára pátákó rẹ̀. Màmá kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ọjà, ó tó wá tọ́ka sí òkè.

"Ọ̀gá, àmì yẹn ńkọ́? Mo ní kí ẹ fi ọ̀dà ewé kùn ún."

"Mà, mo ti gbọ́. Owó ọ̀dà ni."

Òfin kò gba ilé oògùn tàbí ọsibítù aládàáni láyè láti lo àmì náà. Àmì ogun ni ní ìpìlẹ̀: ó ń sọ fún ẹni tó mú ìbọn dání pé kó má yìnbọn lu ẹni tó wọ̀ ọ́. Bó bá wà lára gbogbo ṣọ́ọ̀bù paracetamol ní Agége, kí ni yóò kù tó fi yàtọ̀ lọ́jọ́ wàhálà? Èmi fúnra mi rò pé ìjà tí kò ṣeé jà tán ni, nítorí kò sí òpópónà tí mi ò ti rí i. Ṣùgbọ́n ó ní òun ti rí pátákó mélòó kan tó yí padà.

Ọ̀rọ̀ àmì yìí tún ní apá mìíràn ní Agége, níbi tí mùsùlùmí pọ̀ sí, láti ọ̀dọ̀ àwọn onílé títí dé àwọn Hausa tó wà ní Sábó. Wọ́n máa ń bi í pé ṣé ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ ni. Ìdáhùn rẹ̀ ti já gaara: àsíá orílẹ̀-èdè Switzerland ni wọ́n yí àwọ̀ rẹ̀ padà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1863. Láti 1876 ni àwọn Turkey ti ń lo òṣùpá pupa dípò rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Nàìjíríà tó fi òfin dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1960 mú àgbélébùú, hìjáábù sì wà lábẹ́ àwọ̀lékè pupa lọ́pọ̀ yanturu nínú divíṣàn rẹ̀.

Ó tún fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn Henry Dunant fún wọn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ yàtọ̀ sí ti ìwé. Nínú ìwé, Dunant ni akọni. Oníṣòwò ni, ó bá ọ̀rọ̀ okòwò tirẹ̀ lọ sí Ítálì, ó sì bá ogun Solferino pàdé ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà, ọdún 1859. Nǹkan bí 40,000 ènìyàn ló kú tàbí tó farapa lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nínú ìtàn Màmá, àwọn obìnrin ìlú Castiglione ni akọni. Àwọn ni wọ́n gbé àwọn tó farapa wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n fún wọn lómi, tí wọ́n fi aṣọ dì wọ́n, láìbéèrè ta ló jẹ́ ọ̀tá. Dunant bá wọn níbẹ̀, ó bá wọn ṣe é, ó wá lọ kọ ìwé. "Ìyá ọlọ́jà ló dá Red Cross sílẹ̀," ni Màmá máa ń wí fún àwọn ìyá ọlọ́jà, wọn a sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn lè bá a jiyàn. Èmi ò bá a jiyàn.

Àìgbè-sẹ́yìn-ẹnìkan yẹn, kì í ṣe ohun tó rọrùn. Ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà yìí ni ìjọba àpapọ̀ ti dá August Lindt, aṣojú àgbà Red Cross àgbáyé, dúró ní oṣù Karùn-ún ọdún 1969, nígbà ogun abẹ́lé. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ní kó máa lọ, wọ́n sì gba ètò ìrànwọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn òyìnbó ọ̀hún. Ogun ti Màmá kéré sí ìyẹn. Ní àsìkò ìdìbò, ó máa ń wo orí àti ọrùn àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò gbọdọ̀ bá àwọ̀lékè pupa lọ. Ọ̀dọ́ kan sọ fún mi pé ó ti dá òun padà sílé rí torí súwẹ́tà.

Ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ náà wáyé lábẹ́ ibòji kan nítòsí Pen Cinema, ní Agége, ní ìsàlẹ̀ bíríìjì tí wọ́n ṣí ní 2021. Àwọn awakọ̀, kọ́ńdọ́, àwọn ìyá tó ń ta búrẹ́dì àti ọsàn, àti telọ̀ méjì ló péjọ. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ tẹ́ ẹní. Màmá tọ́ka sí kọ́ńdọ́ gíga kan.

"Ìwọ, bọ́ sí àárín. Ọkọ̀ gbá ọ, apá rẹ ti kán."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Àmín!" Gbogbo èrò ló dáhùn pọ̀.

Kò sí ẹni tó gbà. Telọ̀ ní òun ní ọmọ kékeré nílé. Ìyá alọ́sàn-án ní kí wọ́n má fi òun pe ibi. Mo wo Màmá, kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ti bọ́ bàtà. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó di ojú, ó ní, "Ó dáa, èmi ni ọkọ̀ gbá. Ẹ gbà mí o." Àwọn ọ̀dọ́ sọ fún mi pé láti ọdún tí wọ́n ti ń bá a lọ, òun ni ọkọ̀ ń gbá, òun ni iná ń jó, òun ni wárápá ń mú. Arúgbó tó gbà kí gbogbo ibi àdúgbò máa ṣẹ sí òun lára lójoojúmọ́, kí àwọn tó kù lè mọ ohun tí wọ́n máa ṣe!

Kọ́ńdọ́ wá gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan. Ó sáré kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ mú apá Màmá.

"Dúró!" Màmá sọ̀rọ̀ láti orí ẹní, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Kí lo kọ́kọ́ wò?"

"Apá yín, Mà."

"Ọkọ̀ ti gba orí ìwọ náà kọjá. Ẹni méjì ló ń kú lọ báyìí."

Ibi tí o dúró sí ni wàá kọ́kọ́ wò: ọkọ̀ tó ń bọ̀, wáyà iná tó já sílẹ̀, epo tó ń ṣàn. Bí iná bá ń jóni tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ó rán wọn létí ọkọ̀ agbépo tó ṣubú lórí bíríìjì Ọ̀tẹ́dọlá, ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, ọdún 2018, tí ọkọ̀ tó lé ní 50 jó mọ́ ibẹ̀. Awakọ̀ méjì nínú àwùjọ náà ti gba ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ náà. Wọ́n mi orí.

Lẹ́yìn náà ló tó kan apá. Kò sí báńdéèjì nínú ẹ̀kọ́ náà rárá; ó mọ̀ọ́mọ̀ fi tirẹ̀ sílẹ̀ sínú báàgì. Ó ní kí wọ́n wá páálí Indomie. Wọ́n gé e gígùn, wọ́n ká a sí méjì bí ọ̀nà omi, wọ́n gbé apá náà lé inú rẹ̀ láìnà án. Ìyá oníbúrẹ́dì tú gèlè orí rẹ̀, wọ́n ya etí aṣọ kan lára àkísà telọ̀, wọ́n so òkè ibi tó kán àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn kò so orí rẹ̀ gan-an. Gèlè di ohun tí wọ́n fi gbé apá kọ́ ọrùn. Kókó rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn, kò sí lórí egungun ẹ̀yìn, àwọn ìka sì yọ síta. Màmá ní kí kọ́ńdọ́ tẹ èékánná òun kó di funfun, kó sì fi sílẹ̀, kó máa wò bóyá ẹ̀jẹ̀ yóò padà síbẹ̀ kíá. Bí kò bá padà, o ti so ó le jù, tú u.

Kọ́ńdọ́ tẹ èékánná, ó tún tẹ tirẹ̀ wò. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn.

"Mà, tí mo bá gbé e dé ọsibítù, tí ọlọ́pàá ní èmi ni mo gbá a ńkọ́?"

Ìbéèrè yìí ló ń mú kí èrò dúró máa ya fídíò. Màmá dìde jókòó, ó sì dá a lóhùn bí agbẹjọ́rò. Òfin ètò ìlera ọdún 2014 sọ pé ọsibítù kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu. Òfin ọdún 2017 sọ pé kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bá bà, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, kí ẹnikẹ́ni má sì da ẹni tó gbé e wá láàmú. Ó kà á sí wọn létí lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́ńdọ́ ní òfin kò sí ní tèṣán tí òun mọ̀. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, Màmá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kó pe òun bó bá ṣẹlẹ̀, ó sì fún un ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn tó tó. Òun náà mọ̀ ọ́n.

A jẹ búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà agànyìn lórí bẹ́ǹṣì kan, níbẹ̀ ló ti yọ rẹ́jísítà rẹ̀ jáde. Ọ̀rá ló fi wé e nítorí òjò. Orúkọ, àdúgbò, nọ́ńbà fóònù, irú ẹ̀jẹ̀, ibi tí onítọ̀hún máa ń wà lọ́sàn-án. Ohun ìkẹyìn yìí ló kà sí pàtàkì jù: bí ilé bá wó lọ́sàn-án ní Ìfàkò, kí ni ẹni tó wà níbi iṣẹ́ ní Lẹ́kí fẹ́ ṣe? Lójú mi, ìwé yìí gan-an ni ẹgbẹ́ náà. Ọdọọdún ló ń pe nọ́ńbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó ṣì wà.

Orúkọ tó fi báírò pupa fàlà sí pọ̀. Mo rò pé wọ́n ti kú.

"Kú kẹ̀? Wọ́n jápa ni."

Ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì wúlò fún ẹni tó ń wá iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ní ìlú ọba. Àwọn ọmọ tó kọ́ ní Agége ti wà ní Manchester àti Birmingham, wọ́n ń gbé arúgbó elòmíì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn kan máa ń fi owó ránṣẹ́ fún un ra báńdéèjì. Kò bú wọn.

Ibi owó la ti ta kora. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà pẹ̀lú wa fi owó ara wọn wọkọ̀ wá, àwọn ni wọ́n ra àwọ̀lékè tó wà lọ́rùn wọn. Màmá gbà pé bí owó bá ti wọ̀ ọ́, àwọn tí yóò máa wá kì í ṣe àwọn tó yẹ kó wá. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ìjọba létí jù, nítorí ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń gbà á. Owó ọkọ̀ kì í ṣe owó oṣù. Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán kó tó fèsì: ó ní òun gbọ́, kí n kọ ọ́ sínú ìwé mi, bóyá ẹnìkan á kà á.

Láti ibẹ̀ a lọ sí Ìjú-Ìṣàgá. Ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2012, tó tún jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ni bàálù Dana tó ń bọ̀ láti Abuja já lu ilé níbẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjèèjì kò lágbára mọ́, tí pápákọ̀ kò sì jìnnà mọ́. Gbogbo ènìyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, pẹ̀lú ẹni 6 tó wà nílẹ̀. Ibi ìrántí ti wà níbẹ̀ báyìí. Màmá kò wo ibẹ̀ pẹ́. Òpópónà tó wọ ibẹ̀ ló ń fi hàn mí: ẹ wo bó ṣe tóóró tó. Ọjọ́ yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló kún un fọ́fọ́, àwọn kan ń fa páìpù omi kí wọ́n lè ran panápaná lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ kàn dúró ń wòran, ọkọ̀ panápaná àti áńbúláǹsì kò sì rí ọ̀nà wọlé bọ̀rọ̀. Ó ní iṣẹ́ tí òun ṣe jù lọ́jọ́ náà ni kí òun di ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò mú, kí wọ́n fi ara wọn ṣe okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kò wo òkú kankan. Ọ̀nà ló ń ṣí.

Ó ti di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí a dé Oko-Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù fún apá púpọ̀ nínú Èkó. Àwọn alápatà ti ránṣẹ́ pè é. Ọ̀bẹ ń gé wọn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ lójoojúmọ́, ilẹ̀ ń yọ̀, wọ́n fẹ́ kó wá kọ́ wọn. Olórí wọn fún un ní àga, ó ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló dára. Màmá ní kí ni kí òun wá ṣe lọ́sàn-án, nígbà tí iṣẹ́ ti tán, tí gbogbo wọn á ti lọ kírun? Òun fẹ́ wá ní ìdájí, kí òun rí bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀bẹ.

"Mà, ìdájí ni aago mẹ́rin o."

"Aago mẹ́rin, kò burú."

"Ẹ̀jẹ̀ á wà nílẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ó wo àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tí yóò bá a wá. Ẹni méjì wo ilẹ̀. Ọmọbìnrin oníhìjáábù kan ní òun á wá, ṣùgbọ́n kí Màmá bá òun pe bàbá òun lálẹ́ yìí. Màmá ti ń wá nọ́ńbà náà nínú rẹ́jísítà. Olórí alápatà béèrè èló ni wọ́n máa san. Ó ní kí wọ́n wá páálí mẹ́wàá àti aṣọ tó mọ́, kí ẹnìkan nínú wọn sì gbà kí wọ́n fi òun ṣe ẹni tí ọ̀bẹ gé.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni olórí alápatà wí, pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.